Package àkọ́kọ́ tí mo gbé sí PPA, àti irú tí mo gbàgbé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n ní kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó kọ́kọ́ gbé package (ètò tí a dì kí ẹlòmíràn lè fi sórí ẹ̀rọ rẹ̀) sí PPA, ìyẹn ibi tí èèyàn ti lè pín package tirẹ̀ fún àwọn tó ń lo Ubuntu. Tèmi rèé.

Ètò kékeré kan ni mo kọ, tó ń yẹ àmì ohùn wò nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Orí Hunspell, ètò tó ń yẹ sípẹ́lì wò, ni mo gbé e kà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ lò ó lórí Ubuntu (irú Linux kan), mi ò sì fẹ́ kí make, àṣẹ tí wọ́n fi ń build kóòdù (sọ ọ́ di ètò tó ń ṣiṣẹ́), dà wọ́n láàmú. Apt install lásán, àṣẹ tó ń fi ètò sórí ẹ̀rọ, ni mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀. Mo kọ debian/control, rules àti changelog (àwọn fáìlì tó ń júwe package), mo build ẹ̀, .deb (package tó ti ṣetán láti fi sórí ẹ̀rọ) jáde, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fi kọ́kọ́rọ́ GPG mi (tó ń fi hàn pé ọwọ́ mi ló ti wá) fọwọ́ sí kóòdù rẹ̀, mo fi àṣẹ dput gbé e lọ sórí Launchpad, ojúlé tí PPA wà.

Kì í ṣe .deb ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ o. Kóòdù lẹ máa gbé lọ, àwọn ni yóò build ẹ̀. Ímeèlì àkọ́kọ́ ní wọ́n ti gbà á, ni mo bá pe àwọn ọ̀rẹ́ mi. Àfi bí èkejì ṣe dé: build ti kùnà. Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá sísàlẹ̀, mo bá ìlà yìí:

fatal error: hunspell/hunspell.hxx: No such file or directory

Fáìlì yẹn sì wà lórí kọ̀ǹpútà mi! Ó tó wákàtí kan kó tó yé mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fi libhunspell-dev, package tí fáìlì yẹn wà nínú rẹ̀, sórí ẹ̀rọ mi, mo ti gbàgbé. Ẹ̀rọ tiwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Yàtọ̀ sí build-essential (àwọn irinṣẹ́ ìpìlẹ̀ fún build), ohun tí ẹ bá kọ sí Build-Depends, ìlà inú debian/control tó ń to ohun tí build nílò, nìkan ni yóò lọ wá. Bí ìyá tó ń júwe ọbẹ̀ fún ọmọ lórí fóònù, tí kò dárúkọ irú, torí pé irú kì í tán nítòsí ààrò tirẹ̀.

Mo fi libhunspell-dev kún Build-Depends, mo tún gbé e lọ, wọ́n tún dá a padà. Nọ́ńbà ẹ̀dà àtijọ́ ni mo lò. Ìgbà tí mo sọ 1.0-1~ppa1 di 1.0-1~ppa2 ló tó wọlé. Ẹ má fi àmì ~ yẹn ṣeré o: òun ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà náà kéré sí 1.0-1, tí ètò náà bá wá wọ Ubuntu fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èyí tibẹ̀ ni apt yóò mú.

Ní báyìí, mi ò gbé ohunkóhun jáde láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ sbuild build ẹ̀ nínú chroot tó mọ́, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ mi tí kò mọ ohun tí mo ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí package rẹ̀ bá ti wọ Debian gan-an (Linux tí Ubuntu ti ṣẹ̀ wá), ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe rí sponsor, ẹni tó láṣẹ láti gbé e wọlé fún yín? Ibẹ̀ ló kàn mí.