Àrà ti tó: kí ni ì- ń wá níbẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ti ń ka lẹ́tà yín láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn ti dábàá pé kí a máa pe dísáìnì, èyí tí àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ń kọ́ nínú iṣẹ́ ọnà, ní "ìṣọ̀ṣọ́", tí àbúrò wa kan sì dáhùn pé "ìdárà" ló tọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀kankan. Lójú tèmi, "àrà" nìkan ti tó láti pe dísáìnì.

Ohun tó ti wà nílẹ̀ ni a ń fi ọ̀ṣọ́ kún. Ilé ti dúró kí a tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére, ẹ̀yìn dídán ni fífín wà; ara igi gbọ́dọ̀ ti jọ̀lọ̀ kí ọ̀bẹ tó fín ilà sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ní kó ṣe èèpo ìwé nínú ìdánwò kò ní nǹkan kan níwájú ju bébà òfìfo lọ. Ibi tí lẹ́tà yóò wà, àyè tí yóò ṣófo, àwọ̀ tí yóò kọ́kọ́ gba ojú, inú orí rẹ̀ ni gbogbo wọn wà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan pẹ́ńsù. Bí a bá pe ìyẹn ní ọ̀ṣọ́, a ti kọ́ ọmọ náà pé òdòdó tó yà sí igun bébà ni iṣẹ́ náà. Mo ti fún irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ní máàkì títí ó fi sú mi.

Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ fúnra wọn. Kí wọ́n tó ti ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ, wọn yóò tẹ́ aṣọ, wọn yóò pín in sí ojú-ojú, wọn yóò sì dákẹ́. A kì í bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà ìdákẹ́ yẹn. Bí a bá béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, "Mo ń wá àrà" ni wọn yóò wí. Bátànì ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ti gé sára páànù, tí ẹnikẹ́ni lè fi tẹ aṣọ. Àrà ni èyí tó ti orí ara wọn wá.

Èyí ni mo fi ń bi àbúrò wa pé, kí ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ń wá nínú "ìdárà"? Ọ̀rọ̀-orúkọ ni àrà láti ilẹ̀. Ẹ so ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ọn, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ óò lẹ ì- mọ́. Nígbà tí olùkọ́ bá wá kọ ọ́ sí pátákó láìsí àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe, àwọn ọmọ yóò rò pé eré ìdárayá ló kù tí kò kọ tán. Àwọn ayàwòrán Ifẹ̀ tí wọ́n kó ara wọn jọ ní 1989 pe ẹgbẹ́ wọn ní Ọnà, wọn kò pè é ní Ìṣọnà.

Dókítà kan láàárín wa kọ̀wé tako àrà, ó ní ti onílù àti eléré ni, pé ó ní àṣehàn nínú. Ó ní i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn bóyá onílù nìkan ló ń dá a.

N kò fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀wé pé ọnà àti ọ̀nà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, "nítorí pé ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan ni", kó padà lọ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pe Ọnàbánjọ. Ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ ọnà, ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà.

Àìsí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí dé ìwé mẹ́fà, ó sì dúró níbẹ̀. Ilé-ìwé girama kò jẹ nínú rẹ̀. Ṣáájú wọn, ayàwòrán Aina Onabolu ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń rọ ìjọba títí wọ́n fi gba òyìnbó Kenneth Murray síṣẹ́ olùkọ́ ọnà ní 1927, kọ́ àwọn ọmọ Èkó bí ojú pópó ṣe ń tínrín bó ṣe ń jìnnà sí ojú ẹni nínú àwòrán. "Mister Perspective" ni àwọn ọmọ náà ń pè é. Títí di òní, perspective náà ni mo ń kọ sí pátákó. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún un, jọ̀wọ́ kó fi ránṣẹ́, bí kò bá ṣáà ti fi ì- bẹ̀rẹ̀.