Mo jáde ní Oron, òfin òkun ló wù mí: ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà. Akúrẹ́ ni mò ń gbé, lọ́nà Ìjọ̀kà. Mo gba HND Nautical Science ní Maritime Academy of Nigeria, Oron, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Sea time, ìyẹn àkókò tí mo gbọ́dọ̀ fi kọ́ṣẹ́ nínú ọkọ̀ lójú omi, ló kù. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ kan gba ìwé mi, wọ́n ní kí n máa retí ìpè. Ìpè ọ̀hún ò tíì dé.

Ìdí tí òfin fi wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ọ́fíìsì aṣojú ọkọ̀ kan ní èbúté Onne ni mo ti sìnrú ìlú. Ọkọ̀ kan gbé àlìkámà wá, apá kan rẹ̀ ti rin gbingbin, ó ti ń hù. Ẹlẹ́rù ní ìdérí ihò ẹrù ló ń jò lójú òkun. Ọlọ́kọ̀ ní òjò ló pa á nígbà tí wọ́n ń já a ní èbúté. Lọ́yà tí wọ́n rán wá ò mọ bí wọ́n ṣe ń dán ìdérí yẹn wò, kò sì mọ ojú ìwé tí yóò ṣí nínú logbook. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mo ń ṣàlàyé. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn.

Bàbá mi ò gbà. Wọ́n ní ọmọ ọdún 26 tó ti ní HND kò gbọdọ̀ tún lọ jókòó ti àwọn ọmọ ọdún 17. Màmá mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bi mí ní iye tó máa ná wa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi HND yìí lọ gba LL.M., oyè kejì nínú òfin, tààrà lókè òkun, kí n fi di lọ́yà? Àbí kí n dúró de ọkọ̀? Ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi.

Àǹtí Lọ́yà, Alágbàká
Àbúrò mi, o káre. Èyí tó le jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: LL.M. nìkan ò lè sọ ẹ́ di lọ́yà ní Nàìjíríà. O ní láti gba LL.B., oyè àkọ́kọ́ nínú òfin, ní yunifásítì tí Council of Legal Education, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, fọwọ́ sí, kí o lọ sí Law School, kí o yege níbẹ̀, kí wọ́n tó pè ẹ́ sí Bar. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá ṣe LL.B. part-time, kí o lè máa ṣiṣẹ́ lọ, sá fún un. Ó pẹ́ tí Council ti fòfin dè é.

Ọdún márùn-ún ni fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé, mẹ́rin fún direct entry. Àwọn yunifásítì kan ń gba HND fún òfin, àwọn mìíràn ò gbà á rárá, nítorí náà yẹ ìwé ìtọ́nà JAMB wò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. FUTA tó wà nítòsí ẹ ò ní ẹ̀ka òfin. Àwọn tó sún mọ́ ẹ ni Adekunle Ajasin ní Àkùngbá àti Elizade ní Ìlárá-Mọ̀kín, àmọ́ aládàáni ni Elizade, kí Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, EKSU ní Adó-Èkìtì àti OAU ní Ifẹ̀.

Wàyí o, ọmọ sáyẹ́ǹsì ni ẹ́, àbí? Ṣé Literature-in-English wà nínú WAEC rẹ? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á ti sanwó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó rí i pé òfin ò gba Physics dípò Literature.

Ọmọ Ìgbòkòdá
Ẹ ṣeun, Àǹtí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí sọ òkun nù. Second officer lórí ọkọ̀ òkun ni mí. Nínú STCW, ìlànà àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí atukọ̀, oṣù 12 lójú omi pẹ̀lú training record book (ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí o kọ́ nínú ọkọ̀ sí) ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gba irú ẹ̀kọ́ rẹ, kó tó di officer of the watch, ọ̀gá tó ń ṣọ́ ìrìn ọkọ̀. Ẹni tí kò gbà á, oṣù 36 ni. O ti fi ọdún méjì gba iwájú, o wá fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà?

Bí ọkọ̀ méjì bá forí gbárí, lọ́yà tó ti ṣọ́ bridge, ibi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, láàárín òru rí ló mọ ohun tó yẹ kó bi ọ̀gá ọkọ̀. Ní London, àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́yà máa ń gba àwọn tó ti ṣe kápítéènì rí sínú iṣẹ́. Má retí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wádìí NSDP, ètò ìkọ́ni àwọn atukọ̀, lọ́dọ̀ NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, kọ̀wé sí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin cabotage, òfin iṣẹ́ ọkọ̀ láàárín omi Nàìjíríà. Ẹni tó bá sì ní kí o sanwó kí òun tó bá ẹ wá ọkọ̀, má fún un ní kọ́bọ̀. MLC 2006, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ atukọ̀, kà á léèwọ̀, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i.

Bàbá Ìbejì, Òndó
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọ̀dọ́ mélòó la mọ̀ tó ń retí ọkọ̀ títí tí ọjọ́ orí fi ń lọ? Kí ó máa wá ọkọ̀, kí ó sì gba fọ́ọ̀mù. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kó wọ̀ ọ́. Bàbá rẹ ńkọ́? Ọmọ ọdún 31, 32 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà kì í ṣe àgbàlagbà rárá.

Àǹtí Ọ̀wọ̀, Apapa
Ẹ̀ka marine claims ní ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ni mo wà, mi ò sì ka òfin. Àbúrò, iṣẹ́ tí o ṣe lórí àlìkámà yẹn, iṣẹ́ surveyor, ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ àti ẹrù wò, ni. Wọ́n ń wá irú ẹ lọ́dọ̀ àwọn aṣojú P&I club (ẹgbẹ́ ìbánigbófò àwọn ọlọ́kọ̀), lọ́dọ̀ àwa náà. Chartered Institute of Arbitrators, ẹgbẹ́ àwọn tó ń parí aáwọ̀ láìlọ sílé ẹjọ́, ń gba ẹni tí kì í ṣe lọ́yà. Bí òkè òkun bá sì ń wù ẹ́, World Maritime University ní Malmö, Sweden, kò ní dandan kó o jẹ́ agbẹjọ́rò, LL.M. ti IMLI, ilé-ẹ̀kọ́ òfin òkun ní Malta, ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí òfin.

Ohun tó ń dùn mí jù nídìí iṣẹ́ yìí ni àwọn oníṣòwò wa. Lábẹ́ Hague Rules, ìlànà àgbáyé lórí ẹrù tí ọkọ̀ òkun ń gbé, ọdún kan péré ni ẹlẹ́rù ní láti gbé ọlọ́kọ̀ lọ sílé ẹjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù fún un tàbí tó yẹ kí wọ́n kó o fún un. Tiwa á máa bẹ aṣojú ọkọ̀ lórí fóònù, wọ́n á ní "a ń bójú tó o," ọdún á yípo, ẹjọ́ á kú. Ẹni tó bá tètè ta wọ́n lólobó ti ṣe wọ́n lóore ńlá, ì báà wọ wíìgì, ì báà má wọ̀ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Àkùngbá
Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Lọ́yà. Ṣé ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ yìí ní Akúrẹ́ níbí?

Àǹtí Lọ́yà, Alágbàká
Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ nìkan ni abala 251(1)(g) nínú òfin ìlú (Constitution) 1999 fún lágbára lórí ẹjọ́ admiralty, ìyẹn ẹjọ́ ọkọ̀ òkun. Ọ̀kan wà ní Akúrẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń fi àṣẹ ilé-ẹjọ́ mú un, èbúté ńlá ò sì sí lọ́dọ̀ wa. Èkó àti Port Harcourt ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ka Admiralty Jurisdiction Act 1991, kì í ṣe ìwé gígùn. Kí o wá ronú lórí owó oṣù atukọ̀: ó wà nínú Act yẹn, ṣùgbọ́n àtúnṣe òfin ìlú ti 2010 gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún National Industrial Court. Ìjà ńlá ti ṣẹlẹ̀ lórí ibi tó yẹ kí atukọ̀ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti yẹ WAEC mi wò: kò sí Literature níbẹ̀. Màá kọ ọ́ nínú GCE, màá sì máa kọ̀wé sí àwọn ọlọ́kọ̀. Àǹtí Ọ̀wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi ìwé mi ránṣẹ́ sí yín? Ta ló sì mọ olùkọ́ Literature tó mọṣẹ́ ní ìtòsí Ìjọ̀kà tàbí Òkè-Àrò?

Àǹtí Ọ̀wọ̀, Apapa
Fi ránṣẹ́ lónìí. Kọ ọ̀rọ̀ àlìkámà yẹn sínú rẹ̀, kí o sọ ohun tí o rí àti bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Àkùngbá
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ Literature ní Òkè-Àrò. Màá bá wọn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́.