Modem USB kì í jí lẹ́yìn reboot lórí OpenWrt

waya_pupa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Router kékeré tó ń lo adapter 5V 1A ni, OpenWrt (ètò Linux fún router) ló wà lórí rẹ̀, modem 4G wà ní ihò USB. Bí mo bá tan iná tuntun, router á bẹ̀rẹ̀, á kú, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi `reboot` ṣe é, router á jí, modem ò ní jí, àfi kí n yọ ọ́ kí n tún un kì bọ ihò. Ṣé mo lè dá iná USB dúró títí router á fi jí tán?

omo_kernel:
Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, iná ò tó ni. WiFi àti modem jọ ń fa iná nígbà kan náà. Ihò USB 2.0 nìkan lè gba 500 mA, ìyẹn ìdajì adapter yín. 5V á wálẹ̀, CPU á kú. Ẹ kọ́kọ́ fi adapter 2A dán an wò.

Ti èkejì: `reboot` kì í yọ iná lára USB, bí modem ṣe há tẹ́lẹ̀ ló ṣe máa wà. Bí `usb` bá wà nínú `/sys/class/gpio` (ibi tí Linux ń to GPIO sí, ìyẹn ẹsẹ̀ chip tí a lè tàn tàbí pa), ẹ kọ èyí sí `/etc/rc.local` (script tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí router bá ń jí tán), ṣáájú `exit 0`:

```
(echo 0 > /sys/class/gpio/usb/value
sleep 10
echo 1 > /sys/class/gpio/usb/value) &
```

Ẹ má dín 10 yẹn kù sí 1. Capacitor ṣì máa ń di iná mú díẹ̀. Bí hub tó ní adapter tirẹ̀ bá wà láàárín, asán ni gbogbo èyí: hub ló ń fún modem níná.

waya_pupa:
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Kò sí `usb` níbẹ̀. GPIO 8 ló ń tan iná USB lórí bọ́ọ̀dù tèmi. Mo ní `echo 8 > export`, ó ní "Resource busy".

omo_kernel:
Regulator, ìyẹn ohun tí kernel fi ń darí iná USB, ló dì í mú. `cat /sys/kernel/debug/gpio` á fi orúkọ rẹ̀ hàn. Ẹ yọ `regulator-fixed` yẹn àti `vbus-supply` tó tọ́ka sí i kúrò nínú DTS (fáìlì tó ń ṣàpèjúwe bọ́ọ̀dù fún kernel), ẹ fi èyí rọ́pò, kí ẹ tún image (firmware OpenWrt) kọ́:

```
gpio-export {
  compatible = "gpio-export";
  usb {
    gpio-export,name = "usb";
    gpio-export,output = <0>;
    gpios = <&gpio 8 GPIO_ACTIVE_HIGH>;
  };
};
```

`<0>` yẹn ni kernel á fi pa USB títí rc.local á fi tàn án. Ṣùgbọ́n kí kernel tó dé, nígbà tí U-Boot (bootloader tó ń gbé kernel dìde) ṣì ń ṣiṣẹ́, resistor orí bọ́ọ̀dù tàbí U-Boot fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bóyá iná wà.

ihoUSB:
Ẹ dúró ná. Ẹni tó bá ń lo extroot (kí fáìlì OpenWrt wà níta dípò inú router) lórí flash USB ò gbọdọ̀ ṣe `<0>` o! Preinit, ìpele àkọ́kọ́ bí OpenWrt ṣe ń jí, ló ń mount rẹ̀, ó ti kọjá tipẹ́ kí rc.local tó dé. `<1>` ni tiyín, kí ẹ sì fi `delay_root` (iye ìṣẹ́jú àáyá tí á fi dúró de flash) sínú `/etc/config/fstab` bí flash bá ń lọ́ra.

Ẹ má sì da nọ́mbà 8 kọ láìwo bọ́ọ̀dù. Lára router TP-Link, TL-MR3020 v1 àti TL-WR703N ń lo 8, TL-MR3420 v1 ń lo 6, v2 rẹ̀ ń lo 4.