Antigone: báwo la ṣe máa fi àṣìtò Creon han olùwòran?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Eré Antigone tí Sophocles kọ là ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ní Kàbbà, lédè Yorùbá. Nínú eré náà, Creon ọba ní kí ẹnikẹ́ni má sin òkú Polyneices; Antigone, arábìnrin Polyneices, sin ín, Creon sì ní kí wọ́n tì í mọ́ inú ihò àpáta láàyè. Ibì kan ń dà wá láàmú.

Lẹ́yìn tí Tiresias, aríran afọ́jú, ti kìlọ̀ fún Creon ọba, àwọn elégbè (ẹgbẹ́ akọrin inú eré) ní kó kọ́kọ́ tú Antigone sílẹ̀ nínú ihò àpáta, kó tó wá sin Polyneices. Creon gbà. Àmọ́ nígbà tí ìránṣẹ́ ń ròyìn, ọ̀dọ̀ òkú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ: wọ́n wẹ ohun tí ajá jẹ kù, wọ́n fi ẹ̀ka igi tútù sun ún, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ gègèrè lé e. Kí wọ́n tó dé ihò, Antigone ti pokùnso. Haemon, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, yọ idà sí Creon, tó jẹ́ bàbá rẹ̀. Kò bà á, ló bá fi gún ara rẹ̀. Ìyá Haemon gbọ́, òun náà para rẹ̀.

Ẹnu ìránṣẹ́ la ti ń gbọ́ ti ihò náà, a kì í rí i. Ìdí nìyẹn tí àṣìtò yìí, pé òkú ló ṣáájú ààyè, fi ń bọ́ mọ́ olùwòran lójú, tí wọ́n á ní àyànmọ́ ni. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tiwa níbí, tí ọ̀rọ̀ ìsìnkú wúwo, wọ́n tilẹ̀ lè ní Creon ṣe é re.

Ṣé kí elégbè tún “ààyè ṣáájú òkú” sọ lẹ́ẹ̀mejì ni, àbí kí ìránṣẹ́ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn yẹ̀pẹ̀ yẹn? Elégbè 15 ni ti Sophocles, mẹ́fà ni tiwa: ṣé ká fi Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá ti Kàbbà, sí wọn lẹ́nu?