Mo fẹ́ tún ìwé ìtàn àtijọ́ kan tẹ̀: ṣé kí n yí àkọtọ́ rẹ̀ padà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mo rí ìwé ìtàn kéékèèké kan nínú àpótí bàbá mi àgbà. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, àmọ́ ìtàn inú rẹ̀ dùn! Ọmọ mi, ọmọ ọdún 12, kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ tí mo kà á fún un. Nígbà tí mo ní kó fúnra rẹ̀ kà á, ìlà kẹta ló ti dúró. Àkọtọ́ ayé ìgbà kan ni, ṣáájú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ ní 1974: “aiye”, “enia”, “nwọn”, “yio”. Àmì ohùn kò sì tó nǹkan. Ó ka ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko sí ọkọ ìyàwó, ni ìtàn bá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣé kí n tún àkọtọ́ náà kọ, kí n sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣi àmì fi sórí òwe, kí n ba ọ̀rọ̀ olóhùn jẹ́. Tọ́rọ́ àti sísì, owó ayé àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, ńkọ́, ṣé kí n ṣàlàyé wọn nísàlẹ̀ ojú ewé? Ní tèmi, n kò ní fọwọ́ kan gbólóhùn rẹ̀ rárá.

Òǹkọ̀wé náà kò tíì pé 70 ọdún tó ti kú, bẹ́ẹ̀ òfin Nàìjíríà ti 2022 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní àwọn àrólé rẹ̀ ló ṣì ni ẹ̀tọ́ ìwé náà. Ẹni tó bá ti wá irú ẹbí bẹ́ẹ̀ rí, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?