Owó tuntun dé fún àyẹ̀wò oúnjẹ ní ìpínlẹ̀ wa: ibo ló yẹ ká kọ́kọ́ ná an sí?

Ọmọ_Abà béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ wolé-wolé oúnjẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kan níbí ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe búrẹ́dì, ọbẹ̀ inú ìgò àti ìpápánu ni ẹ̀ka wa ń yẹ̀ wò. Ọ̀gá mi ní owó kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ FDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ká fi mú àyẹ̀wò wa le sí i, ká sì kó ikọ̀ kan jọ tí yóò máa gbéra lọ́gán bí oúnjẹ bá ń ṣe àwọn èèyàn léṣe. Ó ní kí kálukú kọ èrò ẹ̀ wá sípàdé. Èmi tí n kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó ìbọ̀wọ́ sí! Lọ́fíìsì, àwọn kan ní ká gba òṣìṣẹ́ sí i, àwọn kan ní láàbù ló yẹ ká tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n_Dallas:

Òṣìṣẹ́ ni. Òfin ààbò oúnjẹ tí Obama fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2011 ní kí àwọn wolé-wolé dé ilé iṣẹ́ tí ewu rẹ̀ pọ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 3, kí wọ́n sì dé àwọn yòókù láàárín ọdún 5. Ta ló fẹ́ lọ? Láàbù kì í wa mọ́tò.

Ìyá_Wolé:

Ọmọ_Abà, o kú oríire. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, orúnkún mi ò sì tíì dárí ji àkàbà ilé ìlọyẹ̀fun.

Èmi ò bá Ẹ̀gbọ́n_Dallas jà, òṣìṣẹ́ ò tó lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Peanut Corporation of America, ilé iṣẹ́ ẹ̀pà tó wà ní Blakely, Georgia. Àwọn wolé-wolé ìpínlẹ̀ ń débẹ̀ o, iṣẹ́ àgbàṣe ni wọ́n ń bá FDA ṣe. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń jáde. Bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe ti gbé Salmonella, kòkòrò tó ń fa àìsàn inú, jáde léraléra. Ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n tọ́jú èsì sí, torí kò sí òfin tó ní kí wọ́n fi han ìjọba. Nígbà tí ọ̀ràn náà fi máa tú síta láàárín 2008 sí 2009, èèyàn 714 ti ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ 46, èèyàn 9 sì kú. Láàbù ìpínlẹ̀ Minnesota ló rí kòkòrò náà nínú bọ́tà ẹ̀pà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà gba ẹ̀wọ̀n ọdún 28 ní 2015, ṣùgbọ́n kí nìyẹn fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti kú?

Lọ́dún 2009 yẹn náà ni Georgia ṣòfin tuntun: bí àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ ṣe bá fi hàn pé kòkòrò tàbí májèlé wà nínú oúnjẹ, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju wákàtí 24 lọ kí wọ́n tó sọ fún ìpínlẹ̀. Lọ wádìí bóyá ìpínlẹ̀ yín ní irú ẹ̀. Bí wọn ò bá ní in, òun ni kó o kọ́kọ́ kọ sínú ìwé rẹ. Kí wolé-wolé wọ ilé iṣẹ́ kan nígbà mẹ́wàá lọ́dún láìrí ìwé tó yẹ kó rí, epo mọ́tò lásán ló ń jó.

Èkejì. Wọ́n ti pín owó yìí sí "àyẹ̀wò" àti "pàjáwìrì" bí orogún méjì tí kì í kí ara wọn. Ní oṣù Kejì 2015, àwọn òṣìṣẹ́ South Carolina mú áísìkirímù Blue Bell ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ sùn, bí wọ́n ṣe máa ń mú nǹkan lọ sí láàbù náà ni. Listeria, kòkòrò mìíràn tó lè pa èèyàn, bá jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ Texas lọ sí ilé iṣẹ́ Blue Bell tó wà ní Brenham, àwọn náà rí i. Wọ́n wá fi àmì ìdánimọ̀ kòkòrò náà wé èyí tó wà nínú PulseNet, ibi tí àwọn láàbù ti ń kó irú àmì bẹ́ẹ̀ jọ láti 1996. Ó bá ti àwọn aláìsàn kan tó wà ní ilé ìwòsàn ní Kansas mu. Èèyàn 10 ni wọ́n rí pé ó kó o, 3 kú, àwọn kan nínú wọn sì ti ṣàìsàn láti 2010 láìsí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Ẹ bá mi wò ó, àyẹ̀wò nìyẹn àbí pàjáwìrì?

Kí owó mímú oúnjẹ lọ sí láàbù ní ìlà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí ọdún kan bá kọjá láìsí wàhálà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. Mo mọ̀ wọ́n.

Ọmọ_Abà:

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Wọ́n ní ikọ̀ pàjáwìrì ti wà lórí ìwé tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹ̀ka ìlera tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn aláìsàn lẹ́nu wò kì í sọ nǹkan kan fún wa. Wọ́n ní àṣírí aláìsàn ni. Abẹ́ ọ̀gá mìíràn ni láàbù sì wà.

Ìyá_Wolé:

Orúkọ aláìsàn kọ́ lẹ nílò. Ohun tó jẹ, ibi tó ti rà á, ọjọ́ tó rà á, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀, ó tán. Kí àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀ka méjèèjì jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Alẹ́ Fúráìdè ni àìsàn máa ń bẹ́, agbẹjọ́rò á sì ti lọ sílé.

Wo North Carolina ní 2023. Àwọn elétò ìlera rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ọ̀dà ilé àtijọ́, tí òjé máa ń wà nínú ẹ̀, lèèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ ìpínlẹ̀ yẹn gbé ápù lílọ̀ inú ọ̀rá, tí wọ́n fi sínámọ́nì sí, lọ sí láàbù: WanaBana, ọjà tó wá láti Ecuador. Òjé ló kún inú ẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n kà káàkiri Amẹ́ríkà lé ní 500. Tí ẹni tó ń wo ọmọ ò bá bá ẹni tó ń wo oúnjẹ sọ̀rọ̀, ta ni ì bá rò ó kan ápù?

Ibi tó ti wá ń dùn mí nìyí: wọ́n kéde ní òpin oṣù Kẹwàá pé kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Títí wọ inú oṣù Kejìlá, àwọn kan ṣì ń rí i nínú ṣọ́ọ̀bù Dollar Tree, FDA sì kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí wọn ní 2024. Ọjà kan náà tún wà lórí àtẹ lábẹ́ orúkọ àwọn ilé ìtajà Schnucks àti Weis, nítorí náà ẹni tó ń wá WanaBana nìkan á kọjá lára ẹ̀.

Èmi fúnra mi rí irú ẹ̀ nígbà kan, ọjà mìíràn, ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Mánéjà fi lẹ́tà hàn mí pé wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀. Lóòótọ́, àtẹ ṣófo. Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ káṣíà, níbi tí wọ́n ń kó ọjà tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀ sí. Mẹ́ta wà nínú apẹ̀rẹ̀, sítíkà pupa ti "gba á ní ẹ̀dínwó" sì bo nọ́ńbà tí à ń wá mọ́lẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́ kí n tó rí i kà. Ẹ fowó sí irú àyẹ̀wò yẹn. Ẹ má gba lẹ́tà.

Ìyá_Ọlọ́jà_Houston:

Ẹ̀yin wolé-wolé, ẹ má bínú, èmi náà ní tèmi. Nígbà tí ìjì Beryl mú iná lọ ní oṣù Keje 2024, ẹni àkọ́kọ́ dé, ó ní kí n da gbogbo ẹran nù. Mo dà á nù. Ẹnìkejì dé láti ọ́fíìsì mìíràn, ó ní èyí tó wà nínú fìrísà tó kún, tó ṣì dì gbagidi, kò ní nǹkan kan. Ta ni kí n wá gbà gbọ́? Ta ni yóò san owó ẹran mi?

Ìyá_Wolé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹnìkejì ló tọ̀nà. Fìrísà tó kún, tẹ́nikẹ́ni ò ṣí, ń mú òtútù dúró tó wákàtí 48. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ ni, 24. Ti fíríìjì ló yàtọ̀: ẹran tó bá ti gbóná ju 41°F lọ fún wákàtí 4, ìdọ̀tí ni. Lọ́jọ́ mìíràn, bí iná bá ti lọ, ẹ kọ aago tó lọ sára ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì ya fọ́tò ohunkóhun kí ẹ tó dà á nù. Àwọn adójútòfò á béèrè.

Ọmọ_Abà, o gbọ́ ohun tí ìyá sọ àbí? Ojú ìwé kan ṣoṣo, kí gbogbo ọ́fíìsì tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù máa lo òun kan náà, kó sì ti wà lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà tí àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀ tó pé. Títẹ̀ ẹ́ ò wọ́n. Kíkó àwọn ọ̀gá jọ kí wọ́n gbà lórí ẹ̀ ló máa gba àkókò, torí náà pè wọ́n kí ìpàdé yín tó dé.