Ta ló ti gba béèlì lẹ́yìn tí wọ́n ti dájọ́ ẹ̀wọ̀n? Ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀yin ará ilé, kóòtù májísíréètì rán àbúrò mi lẹ́wọ̀n ọdún kan. A ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí kóòtù gíga. Ṣé wọ́n lè gba béèlì rẹ̀ báyìí?

Ọmọ Ṣágámù: Wọ́n á gbà á. Ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn ni béèlì.

Alàgbà Àgọ́-Ìwòyè: Ẹ má fìyẹn tan obìnrin yìí. Kí wọ́n tó dájọ́ ni òfin ń kà wá sí aláìlẹ́bi. Tí adájọ́ bá ti ní o jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ti yí. Ìdí pàtàkì ni wọ́n máa béèrè: àìsàn tí apá ọgbà ẹ̀wọ̀n ò ká, tàbí ẹ̀wọ̀n tó kúrú débi pé yóò tán kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Ọdún méjì ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn n'Íbàdàn la gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ láti kóòtù ìsàlẹ̀ ló dá wa dúró. Tí a bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ tán. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Àdùkẹ́ Òde: Bàbá, ṣé wọ́n gba béèlì ọ̀hún?

Alàgbà Àgọ́-Ìwòyè: Wọn ò gbà á. Ó ṣẹ̀wọ̀n náà tán. Ẹjọ́ ṣì ń lọ.

Ọmọ Ṣágámù: Ó ti ṣe é tán, kí ló tún ń náwó lọ́yà sí?

Àdùkẹ́ Òde: Ẹ̀yin Rẹ́mọ! Ṣé orúkọ ò jẹ́ nǹkan lọ́dọ̀ yín ni? Ojú wo ló máa fi bá Régbérégbé rẹ̀, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀, jáde l'Ójúde Ọba?

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ fi Rẹ́mọ sílẹ̀ o. Àwa náà lórúkọ. Owó ni mò ń sọ.

Káyọ̀dé: Ẹ rántí Bọ̀dé George, olóṣèlú nì. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ní 2009, ó ṣe é tán ní 2011. Ní 2013 ni kóòtù tó ga jùlọ wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn. Tó bá ti pa ẹjọ́ tì ńkọ́?

Ọmọ Ṣágámù: Ẹni ńlá nìyẹn. Ta ló máa sanwó fún tálákà?

Káyọ̀dé: Legal Aid Council ń gba ẹjọ́ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́.

Alàgbà Àgọ́-Ìwòyè: Ìyá Ìbejì, ọdún kan kúrú. Kí lọ́yà yín tẹnu mọ́ ìyẹn. Kóòtù tó dá a lẹ́jọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ fún béèlì. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sókè. Ṣé ẹ ti béèrè ìwé àkọsílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Lọ́yà ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, sà. Mo ń pè é báyìí.